Àkọsílẹ̀ Ìka àti Ìwọ̀n Àsìkò: Àyẹ̀wò Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Orin Rọ́ọ̀kì Lórí Gìtá Béèsì

Ìfáárà

Láàárín àwọn olùkọ́ orin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ẹ̀sùn kan wà tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi kan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi tablature kọ́ orin rọ́ọ̀kì lórí gìtá béèsì. Ẹ̀sùn náà ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò mọ orin kà. Pé nọ́ńbà ni ó ń tẹ̀ lé bí ìgbà tí télọ̀ ń ka téèpù. Pé bí wọ́n bá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, orin tán lọ́wọ́ rẹ̀. Apá tí ó lágbára jù nínú ẹ̀sùn yìí ni pé tablature kì í sọ bí ohùn kan ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ ìgbà tí ó yẹ kí ohùn dákẹ́. Àwọn tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn sábà máa ń gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Èsì wọn ni pé àwọn kò fẹ́ di ọ̀mọ̀wé orin, orin ni àwọn fẹ́ ta.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé tọ̀tún tòsì ló ṣi ìtàn náà mú. Àìsí ìwọ̀n àsìkò kì í ṣe àbùdá tablature láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ fún lúùtù ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún wá, ìwọ̀n àsìkò hàn gbangba lókè rẹ̀. Ẹ̀yìn ọdún 1980 ni ó tó sọnù lọ́wọ́ àwọn olórin rọ́ọ̀kì, ohun tí ó sì mú un sọnù kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwà ọ̀lẹ. Ọ̀nà ìtẹ̀wé ló fà á, àwo orin sì bá a lọ́wọ́ sí i.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ‘àkọsílẹ̀ ìka’ dúró fún tablature, èyí tí àwọn tí ń lò ó máa ń gé kúrú sí tab. ‘Àkọsílẹ̀ ohùn’ dúró fún àkọsílẹ̀ onílà márùn-ún tí àwọn tí ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ń kà. (Ọmọ Yorùbá tí ó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yóò mọ irú kẹta, èyíinì ni tonic sol-fa, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí.) ‘Irin ọrùn’ sì ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò ní ìbú sí ọrùn gìtá, tí ìka ń tẹ okùn mọ́ láti pààrọ̀ ohùn.

Ohun tí àkọsílẹ̀ ìka jẹ́

Àkọsílẹ̀ ohùn ń sọ ohun tí etí yóò gbọ́. Àkọsílẹ̀ ìka ń sọ ibi tí ọwọ́ yóò lọ. Lórí gìtá béèsì olókùn mẹ́rin, okùn tí ó nípọn jù ni E. A ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà D, G sì ni ó tín-ín-rín jù. Àkọsílẹ̀ ìka ń fa ìlà mẹ́rin, ìlà kan fún okùn kọ̀ọ̀kan, G lókè pátápátá, E nísàlẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ sórí ìlà ló ń sọ irin ọrùn tí ìka yóò tẹ okùn náà mọ́. Òdo túmọ̀ sí pé kí olórin ta okùn lásán láìtẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò rí gìtá rí lè lóye ètò yìí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí àkọsílẹ̀ ìka ń sọ tí àkọsílẹ̀ ohùn kì í sọ. Lórí béèsì, ohùn D kan náà wà ní ibi mẹ́ta: lórí okùn D lásán, lórí irin karùn-ún okùn A, àti lórí irin kẹwàá okùn E. Nínú àkọsílẹ̀ ohùn, àmì kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọn kì í dún bákan náà. Ti okùn E máa ń ki, kì í sì í dún ketekete. Ti okùn D lásán mọ́ gaara, ó sì ń dún lọ títí bí ọwọ́ kò bá pa á. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí orin tí ó ń kọ́ dún bí ti inú àwo gbọ́dọ̀ mọ èyí tí olórin àkọ́kọ́ yàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, kì í ṣe àkọsílẹ̀ aláìmọ̀kan ni àkọsílẹ̀ ìka. Ìmọ̀ mìíràn ni ó ń tọ́jú pamọ́, èyíinì ni ìmọ̀ ọwọ́.

Venice, ọdún 1507

Ottaviano Petrucci ni atẹ̀wé tí ó kọ́kọ́ fi lẹ́tà irin tẹ ìwé orin olóhùn púpọ̀ jáde, ní Venice, ní ọdún 1501. Ní ọdún 1507, ó tẹ ìwé méjì tí Francesco Spinacino ṣe fún lúùtù jáde. Àwọn ni ìwé àkọsílẹ̀ ìka fún lúùtù tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Lúùtù jẹ́ ohun-èlò olókùn tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ kọ́ńdọ́ bí igbá. Ìfun ẹran tí wọ́n so yí ọrùn rẹ̀ ká ló ń ṣe iṣẹ́ irin ọrùn. Petrucci fi ìlànà ṣókí kan ṣíwájú ìwé náà ní èdè Látìn àti ti Ítálì, àkòrí ìlànà náà sì sọ gbangba pé àwọn tí kò mọ orin kọ ni wọ́n ṣe é fún. Èyí yẹ fún àkíyèsí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ àkọsílẹ̀ ìka sínú ìwé ni atẹ̀wé ti mọ irú ẹni tí yóò rà á: ẹni tí ó ní ohun-èlò nílé, tí ó sì fẹ́ ta á láìlọ sí ilé-ẹ̀kọ́ akọrin.

Ṣùgbọ́n wo ohun tí wọ́n fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìlà mẹ́fà ni ó wà nínú ìwé náà, nọ́ńbà sì wà lórí wọn bí ó ti wà lónìí. Lókè àwọn ìlà wọ̀nyí ni wọ́n to àwọn igi kéékèèké sí, òmíràn pẹ̀lú ìrù kan, òmíràn méjì, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìrù bá ṣe pọ̀ tó ni àsìkò ṣe kúrú tó. Igi kan ń sọ bí àsìkò tí ó wà láàárín títa okùn kan àti títa èkejì ṣe gùn tó. Lóòótọ́, kò sọ bí okùn kọ̀ọ̀kan yóò ṣe máa dún pẹ́ tó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ta á. Ìyẹn kù sí ọwọ́ olórin. Síbẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ orin náà rí lè jókòó sí ìdí ìwé náà kí ó sì ta orin bí ó ti yẹ kí ó rìn.

Bí ètò yìí ti ń tàn kálẹ̀ ni ìlú kọ̀ọ̀kan ń tún un ṣe ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní Ítálì, ìlà òkè ni wọ́n fún okùn tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Luis Milán yí ètò náà padà nínú ìwé El Maestro tí wọ́n tẹ̀ ní Valencia ní ọdún 1536, ó fi okùn tí ohùn rẹ̀ ga jù sókè, gẹ́gẹ́ bí àwọn onírọ́ọ̀kì ti ń ṣe é lónìí. Àwọn ará Faransé, tí Pierre Attaingnant tẹ ìwé fún ní Paris ní ọdún 1529, fi álífábẹ́ẹ̀tì dípò nọ́ńbà. Ní Jámánì, ibi ìtẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lórí ọrùn lúùtù ní àmì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Sebastian Virdung kọ ọ́ ní ọdún 1511 pé Conrad Paumann ni ó gbé ètò yìí kalẹ̀. Afọ́jú ni Paumann, dùùrù ló sì ń tẹ̀. Ó ya ni lẹ́nu pé afọ́jú ni wọ́n ní ó ṣe àmì tí ó le jù fún ojú láti kà. Nínú gbogbo ètò wọ̀nyí, àmì àsìkò wà.

Ibi kan wà tí wọ́n ti fi àsìkò sílẹ̀, ó sì ṣe pàtàkì fún ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Ní Ítálì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọ́n máa ń kọ álífábẹ́ẹ̀tì sókè ọ̀rọ̀ orin láti fi sọ irú àkópọ̀ ohùn tí gìtá yóò fi gbe ẹni tí ń kọrin. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní àmì àsìkò kankan. Ẹni tí yóò lò ó ti mọ orin náà kí ó tó ra ìwé, ẹnu rẹ̀ ni àsìkò wà. Níbi tí ènìyàn bá ti mọ orin tẹ́lẹ̀, àmì àsìkò a di ẹrù tí atẹ̀wé lè sọ̀ kalẹ̀.

Kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, lúùtù ti ń kúrò lójú agbo, gìtá sì ti bọ́ sí abẹ́ àkọsílẹ̀ ohùn. Òun ni Fernando Sor àti Mauro Giuliani fi kọ iṣẹ́ wọn. Orin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ló tún gbé àkọsílẹ̀ ìka dìde. Pete Seeger lò ó nínú ìwé tí ó ṣe ní ọdún 1948 fún kíkọ́ báńjò olókùn márùn-ún, nígbà tí ó sì di àárín àwọn ọdún 1960, Oak Publications ní New York ti ń tẹ ìwé gìtá jáde pẹ̀lú rẹ̀, lára wọn ni ti Happy Traum ní ọdún 1966. Láti ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn onírọ́ọ̀kì.

Béèsì oníná

Kí béèsì oníná tó dé, béèsì onígi ni ẹgbẹ́ olórin ń lò, ohun-èlò tí ó ga ju ènìyàn lọ, tí olórin ń dúró tì, tí ọrùn rẹ̀ sì mọ́ lau láìsí irin kankan. Etí àti ìrírí ọdún púpọ̀ ló ń sọ fún ìka ibi tí ohùn wà. Paul Tutmarc gbìyànjú ní Seattle láàárín àwọn ọdún 1930 láti ṣe béèsì oníná tí ó ní irin ọrùn, tí ènìyàn sì lè gbé dání bí gìtá, ṣùgbọ́n kò gbilẹ̀. Èyí tí ó gbilẹ̀ ni ti Leo Fender, ní Fullerton ní ìpínlẹ̀ California, ní ọdún 1951. Precision Bass ni ó sọ ọ́. Orúkọ náà kì í ṣe oríkì lásán: ogún irin tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ ló ń mú kí ohùn bọ́ sí ojú ibi tí ó yẹ gẹ́lẹ́, ì báà jẹ́ ọwọ́ àgbà ló tẹ okùn, ì báà jẹ́ ọwọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láìsí irin ọrùn, nọ́ńbà kò ní ohun tí yóò kà. Nítorí náà, iṣẹ́ Fender ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún àkọsílẹ̀ ìka lórí béèsì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó ọgbọ̀n ọdún kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé béèsì yìí kọ́rùn nínú orin rọ́ọ̀kì kò wá láti ojú kan náà. Paul McCartney bọ́ sí ìdí rẹ̀ ní Hamburg ní ọdún 1961 nígbà tí Stuart Sutcliffe fi ẹgbẹ́ Beatles sílẹ̀. Kò mọ àkọsílẹ̀ ohùn kà. John Entwistle ti ẹgbẹ́ The Who mọ̀ ọ́n kà, nítorí pé fèrè ńlá tí wọ́n ń pè ní French horn ni ó ti ń fọn kí béèsì tó gbà á. Carol Kaye ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìgbohùnsílẹ̀ Los Angeles, níbi tí ẹni tí kò bá mọ orin kà kì í ti í pẹ́. Ìwé tí Kaye fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1969 láti kọ́ni ní béèsì oníná, àkọsílẹ̀ ohùn ni ó lò.

Etí, àwo orin àti ẹ̀rọ

Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kọ́ béèsì nílé wọn ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 kò ní ìwé, wọn kò sì ní olùkọ́. Àwo orin ni olùkọ́ wọn. Wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ gírámafóònù sókè, wọ́n á dá a padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún gbé e sókè, títí àwo yóò fi ha. Iṣẹ́ yìí le fún gbogbo olórin, ṣùgbọ́n ó le fún abéèsì ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohùn tí ó lọ sílẹ̀ jù lórí béèsì, èyíinì ni okùn E lásán, ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbóhùnjáde kékeré inú gírámafóònù ilé kò lè gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde dáadáa.

Àwọn tí ń ta gìtá olórí ní ọgbọ́n kan. Ọ̀pọ̀ gírámafóònù ayé ìgbà náà ní ibi tí wọ́n lè yí sí kí àwo tí ó yẹ kí ó yí ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan máa yí ní ìgbà 16⅔. Bí eré bá dín sí ìdajì báyìí, ohùn yóò lọ sílẹ̀ ní ìpele mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ohùn kọ̀ọ̀kan yóò dá dúró kí etí lè mú un. Bí abéèsì bá dán èyí wò, okùn E rẹ̀ yóò bọ́ sí nǹkan bí ìgbà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá, ibẹ̀ sì ni etí ènìyàn ti ń dákẹ́. Ọ̀nà òdì-kejì ló wà fún abéèsì: kí ó gba orin náà sórí téèpù, kí ó sì fi ìlọ́po méjì eré rẹ̀ gbọ́ ọ. Ohùn yóò gòkè ní ìpele mẹ́jọ, béèsì yóò wá dún ketekete bí gìtá, ṣùgbọ́n orin yóò máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ẹni tí ó bá fi ọ̀nà yìí mú ìlà béèsì kan kò lè gbàgbé rẹ̀. Kò sì sí ohun tí ó lè ṣe láti mọ̀ bóyá irin karùn-ún lórí okùn A ni olórin náà tẹ̀, tàbí irin kẹwàá lórí okùn E, àyàfi kí ó fi bí ohùn ṣe ki tó mọ̀ ọ́n.

Bí àsìkò ṣe sọnù

Ní àwọn ọdún 1980, àwọn atẹ̀wé rí i pé ọjà wà nídìí ìṣòro yìí. Àwọn ìwé ìròyìn gìtá ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orin rọ́ọ̀kì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ó ti wà lórí àwo, ilé iṣẹ́ Hal Leonard ní ìpínlẹ̀ Wisconsin sì ń tẹ odidi ìwé fún àwo-orin kan. Ètò tí wọ́n lò ni alájà méjì: àkọsílẹ̀ ohùn lókè, àkọsílẹ̀ ìka nísàlẹ̀ rẹ̀, tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bọ́ sí abẹ́ àmì ohùn tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Nítorí pé àsìkò ti wà nínú àjà òkè, wọn kò tún igi àti ìrù kọ sí àjà ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí fún èyí. Ojú ewé náà pé pérépéré fún ẹni tí ó bá kà á pọ̀. Ṣùgbọ́n ó dá ohun kan sílẹ̀ tí kò sí nínú ìwé Petrucci: àkọsílẹ̀ ìka tí kò lè dá dúró fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ àjà òkè kà ń ka ìdajì ojú ewé láìfura pé ìdajì ni.

Ìgbésẹ̀ kejì wáyé nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà kọ ìlà orin ránṣẹ́ sí ara wọn. Bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ìgbà náà, bíi ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì, kò ní ìlà márùn-ún, kò sì ní igi onírù. Ó ní nọ́ńbà, ó sì ní àmì ìdásí kúkúrú tí wọ́n lè tò tẹ̀léra kí ó di ìlà gígùn. Nítorí náà, wọ́n to ìlà mẹ́rin fún béèsì tàbí mẹ́fà fún gìtá, wọ́n fi nọ́ńbà sáàárín, ó parí. Àjà ìsàlẹ̀ nìkan ló lè gba inú ẹ̀rọ náà kọjá. Ní ọdún 1992, wọ́n dá ilé ìpamọ́ kan tí wọ́n ń pè ní OLGA sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà Yunifásítì Nevada ní Las Vegas láti kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni gbogbo rẹ̀, ẹni tí ó bá ti fi etí mú orin kan ni ó ń kọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Àwọn kan gbìyànjú láti fi lẹ́tà sókè nọ́ńbà láti sọ àsìkò, ṣùgbọ́n ó gba iṣẹ́ púpọ̀, èyí tí ó pọ̀ jù kò sì ṣe é.

Fún béèsì, àdánù yìí wúwo ju ti gìtá lọ. Iṣẹ́ béèsì nínú orin rọ́ọ̀kì ni láti di ìlù mú, kí ó sì fún orin ní ìpìlẹ̀. Ìlà béèsì tí ó lókìkí lè máà ní ju ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ibi tí ohùn bọ́ sí àti ibi tí ó ti dákẹ́ ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Nínú àkọsílẹ̀ alámì ìdásí yìí, àmì kan náà ni wọ́n fi ń kọ okùn tí ó ṣì ń dún àti okùn tí ọwọ́ ti pa. ‘Another One Bites the Dust’, tí John Deacon kọ fún ẹgbẹ́ Queen ní ọdún 1980, jẹ́ àpẹẹrẹ kan: ìdákẹ́ inú rẹ̀ ṣe pàtàkì bí ohùn inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí okùn máa dún wọnú ìdákẹ́ náà ti ba orin jẹ́, bí nọ́ńbà rẹ̀ tilẹ̀ pé.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dí àlàfo

Báwo wá ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣe fi irú ìwé aláìpé bẹ́ẹ̀ kọ́ orin tí wọ́n sì ta á dáadáa? Ìdáhùn rẹ̀ kò ní ṣòro fún ẹni tí ó ń ka Yorùbá. Àìmọye ìwé àti ìwé ìròyìn Yorùbá ni wọ́n ti tẹ̀ láìsí àmì ohùn. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ di ohun kan náà lójú ìwé, síbẹ̀ ẹni tí ó gbọ́ èdè ń kà á geerege, nítorí pé ohùn ti wà létí rẹ̀ kí ó tó ṣí ìwé. Àjèjì tí ó mọ lẹ́tà ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ èdè ni yóò pe ọkọ ìyàwó ní ọkọ́ àgbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àkọsílẹ̀ ìka aláìlásìkò ṣe rí. Ó wà fún ẹni tí ó ti gbọ́ orin náà ní ogún ìgbà tàbí ọgbọ̀n. Ohun tí kò mọ̀ ni ibi tí ọwọ́ ń lọ, ohun náà ni ìwé sì sọ fún un.

Wo orin ‘Money’ ti ẹgbẹ́ Pink Floyd (1973). Béèsì ló gbé orin náà ró, ìlù méje ló sì wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dípò mẹ́rin tí ó wọ́pọ̀ nínú rọ́ọ̀kì, àyàfi ibi tí gìtá ti dá ta, níbi tí ó ti padà sí mẹ́rin. Bí wọ́n bá fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí ní nọ́ńbà inú rẹ̀ nìkan, yóò fi mẹ́rin kà á, gbogbo rẹ̀ yóò sì wọ́. Ẹni tí ó ti gbọ́ ọ yóò ta á bí ó ti tọ́, ó sì lè ta á fún ọdún mẹ́wàá láìmọ̀ pé méje ni. Ìmọ̀ náà ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀, kò tíì dé ẹnu rẹ̀. Ibí yìí ni àwọn olùkọ́ ti ní ẹjọ́ rere láti rò. Ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ kò tíì dé ẹnu kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún onílù tuntun, kò sì lè kọ́ orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà sórí àwo. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò kú. Bí ó bá kú ni, ìwé náà kì bá tí wúlò fún un rárá.

Etí sì máa ń tan ènìyàn nígbà mìíràn. ‘Seven Nation Army’ ti ẹgbẹ́ White Stripes (2003) wà lára ohun tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ ń kọ́ lórí béèsì, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí béèsì nínú ohùn tí wọ́n ń kọ́ náà. Gìtá ni Jack White ta, ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ló sì fa ohùn rẹ̀ wálẹ̀ ní ìpele mẹ́jọ. Nọ́ńbà kò lè sọ irú èyí fún ẹnikẹ́ni.

Ètò kọ̀ǹpútà Guitar Pro, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1997, dá àsìkò padà. Kì í ṣe pé ó kọ nọ́ńbà nìkan, ó tún ń ta orin náà jáde, eyí tí kò lè ṣe é ṣe bí àsìkò ohùn kọ̀ọ̀kan kò bá sí níbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kọ orin sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ bí ohùn ṣe gùn tó, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o.

Ta ló ni ìlà béèsì?

Àwọn tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ òfin lórí orin kò fi ojú rere wo ìpamọ́ ọ̀fẹ́. Ní ọdún 1996, lẹ́yìn ìwé ìkìlọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń tẹ orin jáde, Yunifásítì Nevada yọwọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ OLGA. Ní ọdún 1998, Harry Fox Agency, tí ń ṣojú fún àwọn atẹ̀wé orin, tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Ní ọdún 2006, OLGA pa àkójọ rẹ̀ dé. Àwọn olùkójọ ní etí ara àwọn ni àwọn fi mú orin, kì í ṣe ìwé ẹnikẹ́ni ni àwọn dà kọ. Àwọn atẹ̀wé ní orin tí ẹnìkan kọ kò di ti ẹlòmíràn nítorí pé ẹlòmíràn náà létí. Nínú òfin, àwọn atẹ̀wé ló ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan wà nínú iṣẹ́ àwọn olùkójọ tí kò yẹ kí wọ́n fi ọwọ́ rọ́ tì: bí ènìyàn méjì bá kọ ìlà kan náà sílẹ̀, ibi tí wọn yóò gbé ọwọ́ sí kì í sábà bára mu. Ìdájọ́ wà nínú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2010, ilé iṣẹ́ Ultimate Guitar bá Harry Fox Agency ṣe àdéhùn, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọwọ́ àwọn tí òfin mọ̀.

Àwọn wo wá ni òfin mọ̀? Ẹni tí ó kọ orin àti atẹ̀wé rẹ̀ ni. Bí John Deacon ti kọ orin tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí ó tọ́ sí i dé ọwọ́ rẹ̀. Ti Herbie Flowers kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ló ta béèsì nínú ‘Walk on the Wild Side’ ti Lou Reed (1972): ó ta béèsì onígi, ó sì ta béèsì oníná lé e lórí, ìlà náà sì ni ohun tí etí kọ́kọ́ ń mú nínú orin náà. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan ni ó gbà, ní ìlọ́po méjì nítorí pé ohun-èlò méjì ni ó lò. Orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tí ó kọ orin.

Àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù ni ti James Jamerson. Kì í ṣe onírọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n àwọn abéèsì rọ́ọ̀kì, títí kan McCartney, gbà pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ti kọ́gbọ́n. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni ó ti ń ta béèsì fún ilé iṣẹ́ Motown ní Detroit. Ìka kan ṣoṣo ní ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń ta okùn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń hun ìlà tí ó ń ta láti inú ìwé pélébé tí kò ní ju orúkọ àkópọ̀ ohùn lọ. Motown kì í kọ orúkọ àwọn olórin rẹ̀ sára páálí àwo; ó di ọdún 1971, lórí àwo What’s Going On ti Marvin Gaye, kí orúkọ Jamerson tó hàn síbẹ̀. Àwọn tí ó ti ń fi etí kọ́ ìlà rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú kò mọ ẹni tí ó ń kọ́ wọn. Jamerson kú ní Los Angeles ní ọdún 1983. Ní ọdún 1989, Allan Slutsky tẹ ìtàn ayé rẹ̀ jáde, ó sì kó àwọn ìlà béèsì rẹ̀ sínú ìwé náà ní àkọsílẹ̀ ohùn, láìsí nọ́ńbà, pẹ̀lú gbogbo ìdákẹ́ tí ó wà nínú wọn, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì tì í lẹ́yìn.